Bí a ṣe ń yan UPS àti ìnfátà fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ iná gan-an

Kọ̀ǹpútà alágbára ni mo ń tò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, l'Adó-Èkìtì: ti àwọn tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, ti àwọn tó ń ya àwòrán ilé, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń gbá géèmù tí wọ́n sì ń sọ fún bàbá wọn pé iṣẹ́ ìwádìí ni. Bí ẹ̀rọ bá ti parí, ìbéèrè tó kàn ni, "Ẹ̀gbọ́n, UPS wo ni kí n rà sí i?" (UPS ni àpótí oníbátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ; ìnfátà ń fi bátìrì ńlá gbé e ró fún wákàtí.) Èmi náà á béèrè pé wọ́ọ̀tì mélòó ni ẹ̀rọ ń jẹ. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á wo ara power supply, ìyẹn àpótí inú kéèsì tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, á ní, "750W."

Ibẹ̀ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò. Nọ́ńbà ara power supply kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ń jẹ, ibi tí agbára power supply náà mọ ni. Ẹ̀rọ tó ní 750W nínú lè máa jẹ 90W péré nígbà tí ẹ ń ka ímeèlì, kó sì fò dé 400W nígbà tó bá ń rẹ́ńdà, ìyẹn nígbà tó bá ń ṣe àṣeparí fídíò tàbí àwòrán. Nọ́ńbà méjì ni ẹ nílò: iye tó ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára jù lọ, àti iye tó ń jẹ ní àárín ọjọ́ iṣẹ́ lásán. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi yan bí UPS tàbí ìnfátà ṣe máa lágbára tó. Ti ìkejì ni ẹ ó fi yan bátìrì. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè ra bátìrì rẹpẹtẹ, kí UPS rẹ̀ sì tún máa ké overload (ẹrù ti pọ̀jù) lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ní míta kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ka wọ́ọ̀tì, ó ti tán. Bí ẹ ò bá ní, míta pírípéèdì tó wà lára ògiri ilé yín tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1000 imp/kWh, tàbí 1600, tàbí iye mìíràn. Bó bá jẹ́ 1000, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iná yẹn bá ṣẹ́jú, 1Wh (wọ́ọ̀tì kan fún wákàtí kan) ti lọ. Ẹ pa fíríìjì, fáànù, gílóòbù, ohun gbogbo tó ń mu iná nínú ilé. Ẹ tan kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ nìkan, ẹ jẹ́ kó máa rẹ́ńdà, kí ẹnì kan wá dúró ti míta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kó ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 6. Ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá ṣẹ́ nígbà 42, ẹ̀rọ yín ń jẹ 420W. Bí míta bá jẹ́ 1600, ẹ fi 1.6 pín ohun tí ẹ rí. Ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín, ẹ ti rí nọ́ńbà kejì nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí òpó ni wọ́n gbé míta yín kọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí UPS gun òpó; ẹ yá míta kékeré lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná.

Ẹni tí kò tíì ra ẹ̀rọ rárá lè fi ìṣirò ṣe é. Ẹ wo èyí tí mo tò fún ọmọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ilé ní Baṣírì: prósẹ́sọ̀ Ryzen 7 5700X kì í kọjá 76W, káàdì ayàwòrán RTX 3070 jẹ́ 220W, kí a fún mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù ní 50W. Ó di 346W. Power supply náà ń sọ díẹ̀ di ooru, nítorí náà ohun tó ń fà lára ògiri á súnmọ́ 385W. Ojú kọ̀ǹpútà íńṣì 27 á fi bí 30W kún un. 420W ni mo ń kà á sí, kí ẹ̀mí mi lè balẹ̀. Tí ẹ bá wá ń sọ̀rọ̀ Core i9-13900K tó lè dé 253W, pẹ̀lú RTX 4090 tó jẹ́ 450W, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan bí 880W lára ògiri, UPS orí tábìlì lásán ò sì ní lè gbé e.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ka ara páálí. Ohun tí wọ́n ń kọ gàdàgbà síwájú UPS ni VA: 650VA, 1000VA, 1500VA. Wọ́ọ̀tì wà lẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi pé ojú ń tì í. Ẹ mọ kọ́ńgò tí oníṣòwò ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú? Lójú, kọ́ńgò ni. Ẹ da ìrẹsì inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ óò rí i pé kò pé. VA ni ìta kọ́ńgò, wọ́ọ̀tì ni ìrẹsì. Fún ọ̀pọ̀ UPS tí ó wà lọ́jà wa, 0.6 ni ẹ ó fi sọ VA di púpọ̀: 650VA di 390W, 1000VA di 600W, 1500VA di 900W. Àwọn kan ò tiẹ̀ ju 0.5 lọ, nítorí náà ẹ má gbà á lọ́kàn, ẹ yí páálí padà kí ẹ kà á. Àwọn tó dára gan-an máa ń jẹ́ 0.8 tàbí 0.9.

Mi ò kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ oníbàárà mi kọjá 70% wọ́ọ̀tì UPS rẹ̀. Káàdì ayàwòrán a máa fò sókè lójijì, fún ìṣẹ́jú àáyá tí ojú ò lè rí, ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ, UPS tó bá sì ti wà ní góńgó á pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ Baṣírì tó ń jẹ 420W, 1000VA á gbé e wẹ́kú, 1500VA á gbé e pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ̀rọ 880W, ẹ lọ bá online UPS 2kVA tàbí 3kVA, tàbí kí ẹ fò kọjá sí ìnfátà.

Ohun tó wà lókè yìí rọrùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni irú iná tí UPS ń tú jáde. Iná tó ń bọ̀ láti òpó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. UPS olówó pọ́ọ́kú kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ti bọ́ sórí bátìrì; ṣe ló ń fò láti ìpele kan sí èkejì bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Modified sine wave tàbí stepped wave ni wọ́n ń kọ sí i. Gílóòbù ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n power supply ìgbàlódé, pàápàá èyí tó ní àmì 80 Plus, ní ohun tí wọ́n ń pè ní Active PFC nínú, òun ló sì máa ń kọ iná báyìí. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á kùn hùn-ùn, àwọn kan á kú pátápátá.

Mo máa ń fi han oníbàárà lórí tábìlì mi. N óò so ẹ̀rọ tuntun mọ́ UPS lásán, n óò jẹ́ kó máa rẹ́ńdà, n óò wá yọ pílọ́ọ̀gì UPS lára ògiri. Ẹ óò gbọ́ "ta!" nínú UPS, ẹ óò gbọ́ tin-in, tin-in rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì mọ́lẹ̀, ó ń kọ No Signal. Iná ara UPS ń tàn dáadáa, bátìrì kún. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú kéèsì: àwọn fáànù ti ń yí falẹ̀falẹ̀, wọ́n fẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ti kú, UPS ò sì mọ̀. Tí mo bá wá gbé èyí tó jẹ́ pure sine wave wá tí mo yọ pílọ́ọ̀gì, eré ń lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, fún kọ̀ǹpútà alágbára, pure sine wave ni kí ẹ béèrè. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "gbogbo rẹ̀ kan náà ni," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Oríṣi mẹ́ta ni UPS. Offline ni èyí tó kéré jù: bí iná òpó bá ti wálẹ̀ díẹ̀, ó ti fò sórí bátìrì. Ní àdúgbò mi, tó bá di bí aago méje alẹ́ tí oníkálukú ń lọ aṣọ tí wọ́n ń fa omi, iná lè wálẹ̀ sí 170V. Offline á fi bátìrì jìjàkadì ní gbogbo àkókò yẹn, nígbà tí wọ́n bá wá mú iná lọ ní tòótọ́, kò ní nǹkan kan nínú mọ́. Line-interactive ní AVR nínú, òun ló ń gbé fólítì sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfọwọ́ kan bátìrì. Ẹ wá èyí tó kọ ọ́ sára pé òun ń gba láti bí 140V títí dé 290V tàbí 300V. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ò nílò sítẹbiláísà mọ́. Online kì í yí padà rárá, inú ìnfátà tirẹ̀ ni iná ń gbà kọjá nígbà gbogbo, kò sí ìdádúró kankan. Ó wọ́n, ó ń mú ooru wá, fáànù rẹ̀ sì ń pariwo. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú wa, line-interactive tó jẹ́ pure sine wave ló tó wọn. Kò wọ́pọ̀ lórí àtẹ, ẹ lè ní láti ní kí wọ́n bá yín mú un wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn.

Ìṣẹ́jú mélòó wá ni yóò fún yín? Kò pọ̀. Bátìrì 12V 9Ah méjì ló sábà máa ń wà nínú 1500VA: 12 lọ́nà 9 lọ́nà 2, ó di 216Wh lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kì í fi gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ bá fà á pẹ̀lú agbára. Lórí 420W, ẹ máa retí bí ìṣẹ́jú 10 nígbà tó ṣì tuntun. Ìṣẹ́jú 10 yẹn wà fún kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń rẹ́ńdà lórí bátìrì UPS ń ba bátìrì jẹ́ ni.

Okùn USB tó wà nínú páálí UPS, ẹ má jù ú nù. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Windows á rí UPS bíi bátìrì láptọ́ọ̀pù, ẹ wá sọ fún un pé tí bátìrì bá ku 30%, kó hibernate fúnra rẹ̀, ìyẹn kó fi iṣẹ́ pamọ́ kó sì pa ara rẹ̀. Àǹfààní tó wà nínú èyí ju ìṣẹ́jú 5 àfikún lọ, pàápàá fún ẹni tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tó lọ sí sọ́ọ̀sì. Ẹ má sì so printer onílésà mọ́ ẹ̀yìn UPS láéláé. Nígbà tó bá fẹ́ gbóná, wọ́ọ̀tì tó ń gbé mì lè sún mọ́ 1000.

Jẹnẹrétọ̀ nílò ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn kékeré tí a fi ń tan tẹlifíṣọ̀n, iná wọn ń lọ sókè sódò, UPS á sọ pé iná burúkú ni, á kọ̀ ọ́, á sì máa jẹ bátìrì lọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Àwọn UPS kan ní ibi tí a ti ń dín ìfura wọn kù; ẹ wá a nínú ìwé rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ oní-inverter ló kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ dúró dáadáa kí ẹ tó yí iná sí i, kí ẹ sì yí i kúrò kí epo tó gbẹ, nítorí ìgbà tí epo bá ń tán ló máa ń wárìrì jù.

Bó bá jẹ́ wákàtí ni ẹ ń wá, tí kì í ṣe ìṣẹ́jú, ìnfátà ni. Níbi yìí ni nọ́ńbà kejì ti wúlò. Ká ní ẹ̀rọ Baṣírì ń jẹ 180W ní àárín ọjọ́, tí ẹ sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6. 180 lọ́nà 6 jẹ́ 1080Wh. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, ẹ fi 0.9 pín in, ó di 1200Wh. Bátìrì túbúlà 12V 220Ah jẹ́ 2640Wh, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, 1320Wh. Ọ̀kan ṣoṣo tó, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ká ní 420W ni ẹ fi ṣe ìṣirò, ẹ óò nílò 2800Wh, bátìrì méjì pàápàá ò ní tó. Ẹ rí bí nọ́ńbà ṣe ń ná owó? Ìnfátà náà gbọ́dọ̀ lè gbé 420W àti fáànù àti gílóòbù tí ẹ mọ̀ pé ẹ óò fi kún un, nítorí náà mi ò ní ra èyí tó kéré sí 1.5kVA, 2.5kVA ló sì tẹ́ mi lọ́rùn, tó ń lo 24V, ìyẹn bátìrì méjì.

Lítíọ́ọ̀mù ni èmi ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a. 24V 100Ah, tí fólítì rẹ̀ gan-an jẹ́ 25.6V, jẹ́ 2.56kWh, ẹ lè lo 80% rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹ̀rọ wa tó ń jẹ 180W á fi ṣiṣẹ́ fún bí wákàtí 10. Kì í mu omi, kì í rùn, ó sì fúyẹ́. Túbúlà ní láti máa mu omi distilled, ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná kò dára. Ẹ gbé e wò kí ẹ tó sanwó: túbúlà 220Ah tòótọ́ máa ń kọjá 50kg. Èyí tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù nìkan gbé wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ fura sí i.

Nínú ìnfátà, ètò kan wà tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń fò. Ọ̀pọ̀ wọn ní APL (fún àwọn ohun èlò ilé) àti UPS (fún kọ̀ǹpútà). APL ni wọ́n máa ń fi í sí láti ilé-iṣẹ́, ó sì ń gba bí 20ms kó tó yí padà (1ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). UPS ń gba bí 10ms. Power supply kọ̀ǹpútà ò lè di èémí rẹ̀ mú ju bí 16ms sí 17ms lọ tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí kọ̀ǹpútà nìkan sì ń kú. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná yí i sí UPS níṣojú yín, kí ẹ sì yọ iná wò lójú rẹ̀. Ẹni tí ìnfátà rẹ̀ ò ní ètò yìí lè fi UPS kékeré sí àárín.

Sólà jẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mi ò ní wọ inú rẹ̀ níbi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó ní í á máa rẹ́ńdà láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, wọn kì í dúró dalẹ́, wọ́n sì ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì.

Kí ẹ tó ra bátìrì kún bátìrì, ẹ dín ohun tí káàdì ń jẹ kù. Pẹ̀lú MSI Afterburner, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàkóso káàdì, ẹ fa Power Limit RTX 3070 sí 70%, 220W á di 154W. Iṣẹ́ á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ pàdánù ò tó ohun tí ẹ fi pamọ́. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

UPS tòkunbọ̀ ń kọ́? Ó dára, bí ẹ bá gbà pé ara UPS ni ẹ ń rà, tí bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá 230V ni. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ 120V, bí ẹ bá so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Ẹ mú gílóòbù 100W àtijọ́ méjì dání, irú èyí tí àwọn olósìn adìẹ fi ń mú òròmọdìẹ móoru, ẹ so wọ́n mọ́ ọn, ẹ yọ iná, kí ẹ wo aago. Bátìrì 7Ah àti 9Ah jọ gba àyè kan náà, nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, 9Ah ni kí ẹ fi sí i. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, bóyá ó fẹ̀ tàbí ó tín-ín-rín, kó bá wáyà tó wà níbẹ̀ mu. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣe fi tipá yọ ọ́.

Earth ló kù, ìyẹn irin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ láti tú iná àpọ̀jù dà sí. Ilẹ̀ wa l'Ékìtì kún fún àpáta, irin earth kì í fẹ́ wọlẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé kù sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, kódà bó jìnnà sí ilé, ẹ gbẹ́ ihò, kí wọ́n da èédú àti iyọ̀ yí irin náà ká, ẹ máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láìsí earth, ohun tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà nínú UPS ò rí ibi tú iná àpọ̀jù dà sí. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta sí kẹrin, èyí tó máa ń wá pẹ̀lú ìjì àti àrá, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì lára ògiri, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Bí ẹ bá gbé UPS tuntun dé ilé, ẹ fi sí iná fún bí wákàtí 8 kí ẹ tó dán an wò. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí ooru ló ń pa bátìrì olójé jù, kó má sì wà nílẹ̀ níbi tí omi mọ́ọ̀bù lè kàn án. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára, àti ìṣẹ́jú tó lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún un dán wò. Tí àkókò rẹ̀ bá ti dín sí ìdajì, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ ta ògbólógbòó fún àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú káàkiri àdúgbò, kí ẹ sì máa lo ara UPS náà lọ.